Lẹ́dà, nẹ́ẹ̀tì, tòkúnbọ̀ àbí ti kafíńtà: àga ọ́fíìsì wo ló yẹ ẹ̀yìn yín?

Kí ẹ tó jáde lọ wo àga níbikíbi ní Àkúrẹ́, ẹ mú tépù, kí ẹ wọn tábìlì yín ná. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Wọ́n á fi owó ńlá ra àga, wọ́n á gbé e dé ọ́fíìsì, ẹ̀yìn á ṣì máa ro wọ́n, ọrùn á máa le, wọ́n á ní oníṣọ́ọ̀bù ló lu àwọn ní jìbìtì. Àga ò mọwọ́mẹsẹ̀. Tábìlì ló ga jù.

Ọ̀pọ̀ tábìlì ọ́fíìsì ló ga tó sẹ̀ǹtímítà 73 sí 76 láti ilẹ̀. Ẹ wá wo obìnrin kan tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 5, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 165. Tó bá wọ bàtà pẹlẹbẹ, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ìjókòó tó bá a mu á wà ní nǹkan bíi 43. Láti orí ìjókòó dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á tó 24. Ẹ pa á pọ̀, 67 ni. Tábìlì wà ní 76. Sẹ̀ǹtímítà 9 ni tábìlì fi ga ju ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lọ. Kí ọwọ́ tó lè dé orí kíbọ́ọ̀dù, àfi kó gbé èjìká méjèèjì sókè bí ẹni tí òtútù ń mú. Ẹni tó bá gbé èjìká bẹ́ẹ̀ láti aago 8 àárọ̀ di aago 4 ìrọ̀lẹ́, kí ni kò ní í jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ gan bí igi?

Ọ̀nà méjì ló wà láti yanjú ẹ̀. Àkọ́kọ́, kó gbé àga sókè dé 52, kó wá nǹkan fi ẹsẹ̀ lé. Rímù bébà A4 méjì tí wọn ò tíì tú, tí wọ́n gbé léra, ga tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ó ti tó. Kó fi sẹ́lótéèpù dì wọ́n pọ̀ kí wọ́n má baà yọ̀ lórí táìsì. Èkejì, kí kafíńtà gé ẹsẹ̀ tábìlì kúrú. Tí tábìlì bá jẹ́ onígi, tó sì jẹ́ tiyín, èyí ló dáa jù, torí kì í ṣe gbogbo àga ló ń gòkè dé 52. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ tábìlì ìjọba ni, ní Alágbáka níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà, ẹ má fi ayùn kan ẹsẹ̀ rẹ̀ o. Rímù bébà ni kí ẹ máa lò.

Nígbà tí ẹ bá ti ní iye tábìlì àti iye ìgbọ̀nwọ́ yín lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ àga á wá rọrùn. Èyí tí ara rẹ̀ bá ṣeé sún tọ ara yín wá ni kí ẹ rà. Ká rọ̀ bí òwú kọ́, ká dán kọ́, ká ní ẹ̀yìn gíga bí ìtẹ́ ọba kọ́.

Ibi tó yẹ kó ṣeé sún

Gíga ìjókòó ni gbogbo ayé mọ̀: ọwọ́ irin tó wà lábẹ́ àga lápá ọ̀tún, ẹ fà á sókè, gáàsì á gbé ìjókòó dìde. Àga tó bá ń lọ láti nǹkan bíi 42 dé 52 á gba èèyàn púpọ̀. Èyí tí wọn kì í sábà wò ni jíjìn ìjókòó, láti etí iwájú dé ibi tí ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó kí ìdí yín kan ẹ̀yìn àga, kí ẹ wá ki ìka ọwọ́ sáàárín etí ìjókòó àti ẹ̀yìn orúnkún. Ìka méjì sí mẹ́ta ló yẹ kó wọ̀ ọ́. Tí ìka kan ò bá ráyè, àga ti jìn jù: etí rẹ̀ á máa tẹ iṣan tó wà lẹ́yìn orúnkún, ẹsẹ̀ á kú, ọrùn ẹsẹ̀ á wú nírọ̀lẹ́. Ohun tí ara máa ń ṣe láti sá fún un ni pé èèyàn á sún wá síwájú, á jókòó sí etí, ẹ̀yìn àga tó fowó rà á wá di ibi tí wọ́n ń gbé kóòtù kọ́.

Ìkẹta ni ìtìlẹ̀yìn, ibi tó yọ síta díẹ̀ láti kún kòtò ẹ̀yìn. Kòtò yìí máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 15 sí 25 sókè ìjókòó, kò sì sí ní ibì kan náà lára ọkùnrin gíga àti lára obìnrin kúkúrú. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kó ṣeé gbé sókè sódò. Láàárín egungun ẹ̀yìn kan sí èkejì ni nǹkan kan wà bí ìrọ̀rí kékeré tí kì í jẹ́ kí egungun máa ha egungun. Ní àwọn ọdún 1960, oníṣègùn ará Sweden kan, Alf Nachemson, fi abẹ́rẹ́ wọn bí ẹrù ṣe ń tẹ ìrọ̀rí yìí tó ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ó rí i pé ìjókòó láìfẹ̀yìnti nǹkan ń tẹ̀ ẹ́ ju ìdúró lọ, pé kéèyàn tún tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó burú ju ìyẹn lọ, àti pé tí èèyàn bá fẹ̀yìntì, tí nǹkan sì kún kòtò ẹ̀yìn rẹ̀, ẹrù náà máa ń fúyẹ́. Torí náà, "jókòó kí o nà ṣánṣán" tí tíṣà máa ń pariwo ní kíláàsì, kì í ṣe bó ṣe yẹ kéèyàn jókòó fún wákàtí 8 nìyẹn. Kí ẹ̀yìn fà sẹ́yìn díẹ̀, bíi digírì 100 sí 110 sí itan, kí àga sì gbé e dúró.

Apá àga ló kẹ́yìn. Tí kò bá ṣeé rẹ̀ sílẹ̀, ó máa ń kọ lu etí tábìlì, kò ní í jẹ́ kí ẹ sún mọ́ iṣẹ́ yín, ẹ ó wá máa nà sí i bí ẹni tó fẹ́ ká màńgòrò. Apá tí kò bá yín mu, ẹ yọ ọ́ dànù. Súkùrù 2 tàbí 3 ló sábà máa ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró lábẹ́ ìjókòó, kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà (Allen key) tí wọ́n ń kó pọ̀ mọ́ àga nígbà tó bá jẹ́ tuntun sì ń tú u. Àga tí kò lápá sàn ju èyí tí apá rẹ̀ ń lé yín jìnnà sí tábìlì.

Lẹ́dà tàbí nẹ́ẹ̀tì

Àga lẹ́dà dúdú, ẹlẹ́yìn gíga, tí wọ́n ń pè ní àga ọ̀gá, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní lọ́kàn tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ra àga ọ́fíìsì. Ẹni tó ń tà á náà mọ̀: "Ọ̀gá mi, ẹ jókòó wò ó ná, bíi bẹ́ẹ̀dì ni." Òótọ́ ló sọ. Bíi bẹ́ẹ̀dì gan-an ló rí, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Fóòmù tó nípọn tó rọ̀ máa ń gbé ìdí mì, egungun ìdí á yí sẹ́yìn, kòtò ẹ̀yìn á tẹ́jú, ẹ ó wá ká bọ́ sílẹ̀ bí àpò gaàrí. Fóòmù tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 tó sì le díẹ̀ dáa ju 12 tó rọ̀ lọ. Ẹ di ìkúùkù, kí ẹ tẹ àárín ìjókòó mọ́lẹ̀ gidi. Tí ẹ bá ti ń gbúròó pákó nísàlẹ̀, ẹ má rà á, torí kò ní í pẹ́ tó fi máa pẹlẹbẹ pátápátá.

Èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́dà yìí kì í ṣe awọ ẹran. Aṣọ ni, tí wọ́n fi ọ̀rá kùn lójú. Atẹ́gùn ò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ní oṣù kejì àti ìkẹta, nígbà tí oòrùn Àkúrẹ́ bá mú, tí iná bá lọ, tí fáànù dúró, ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì á tutù pẹ̀lú òógùn láàárín ogún ìṣẹ́jú. Òógùn àti ọ̀rá ara náà ló ń jẹ ojú lẹ́dà. Á kọ́kọ́ sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níbi tí ọwọ́ àti orí máa ń wà, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bó, èèpo dúdú kéékèèké á máa lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ìpara tó lè dá a dúró. Ọ̀nà tó wà ni kí àwọn tó ń ṣe kúṣìn bá yín bọ aṣọ tuntun fún un, ẹ ní kí wọ́n lo aṣọ tó ń gba atẹ́gùn, kì í ṣe lẹ́dà míì.

Àléébù míì wà lábẹ́ rẹ̀ tí ojú kì í rí. Nínú ọ̀pọ̀ àga ọ̀gá, ìjókòó àti ẹ̀yìn dì pọ̀ sórí irin kan ṣoṣo tó ń mì láàárín. Tí ẹ bá fẹ̀yìntì, etí iwájú ìjókòó náà á gbéra sókè, ẹsẹ̀ yín á kúrò nílẹ̀, itan á máa tẹ etí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tó ní i kì í fẹ̀yìntì rárá. Àga nẹ́ẹ̀tì tó dáa, ẹ̀yìn rẹ̀ ń lọ ní tirẹ̀: tí ẹ̀yìn bá fi digírì 2 lọ sẹ́yìn, ìjókòó á fi 1 péré tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ á sì wà nílẹ̀. Ẹ lè dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jókòó, ẹ tú lọ́ọ̀kì tó di ẹ̀yìn àga mú, ẹ fẹ̀yìntì pátápátá, kí ẹ wo gìgísẹ̀ yín. Tó bá gbéra, ẹ ti mọ irú irin tó wà nísàlẹ̀.

Ká má purọ́ mọ́ lẹ́dà, ó ní ibi tó ti ta nẹ́ẹ̀tì yọ. Eruku ọyẹ́ ò níṣòro lórí rẹ̀, aṣọ tútù lásán ti nù ún. Nẹ́ẹ̀tì ń gba eruku mọ́ra, búrọ́ọ̀ṣì ni ẹ ó máa fi gbọ̀n ọ́n. Fún èèyàn ńlá, tó ga, tó sì sanra, àga ọ̀gá tó fẹ̀ lè bá a lára mu ju nẹ́ẹ̀tì tóóró lọ. Ẹni tó bá sì wulẹ̀ ń gba àlejò, tó ń dìde tó ń jókòó, tí kì í tẹ kọ̀ǹpútà pẹ́, lẹ́dà ò ní í pa á lára.

Nẹ́ẹ̀tì náà ní ti olówó pọ́ọ́kú tirẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì tí kò dáa máa ń já sílẹ̀ láàárín bí àwọ̀n apẹja tó ti gbó, ẹ̀yìn yín á wá máa kan irin tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tì í sẹ́yìn gidi, kí ẹ tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ kó na padà wẹ́rẹ́. Nẹ́ẹ̀tì lórí ìjókòó, ẹ ṣọ́ra fún un: férémù ọ̀rá tó yí etí rẹ̀ ká máa ń gé itan. Fún ojú ọjọ́ tiwa, ohun tí a máa ń sọ fún èèyàn ni kó wá èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì, tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ fóòmù tí wọ́n fi aṣọ bò, tí etí iwájú rẹ̀ sì rọ bọ́ sílẹ̀ dípò kó dúró ṣánṣán.

Ẹ yí i dojú délẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹsẹ̀ márùn-ún ni kó ní. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tètè máa ń dojú dé nígbà téèyàn bá na ọwọ́ ẹ̀gbẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀rá kò burú tó bá nípọn, ṣùgbọ́n tó bá ti pẹ́ nínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ti gbẹ, ó lè sán lójijì lábẹ́ ẹni tó bá fi agbára jókòó. Irin dájú ju ọ̀rá lọ. Táyà líle ni wọ́n ṣe fún kápẹ́ẹ̀tì. Lórí táìsì, á máa yọ̀ kiri, á máa ha ilẹ̀. Táyà tí wọ́n fi rọ́bà bò ló yẹ ibẹ̀. Kò le láti pààrọ̀: ẹ kàn fà á yọ ni, torí èèkàn irin tó wọ inú ẹsẹ̀ àga sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 11. Tí táyà kò bá yí mọ́, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó ra òmíràn. Òwú àti irun atáṣì ló máa ń dì í, pàápàá ní ṣọ́ọ̀bù téélọ̀ àti ti onídìrí. Bíléèdì ti tó láti gé e kúrò.

Àga gémù

Àwọn ọmọ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, fẹ́ràn ẹ̀, ó pupa, ó dúdú, ó ní ìrọ̀rí méjì. Ìjókòó ọkọ̀ ìdíje ni wọ́n wò ṣe é. Ìyẹ́ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, iṣẹ́ rẹ̀ nínú mọ́tò ni láti má jẹ́ kí awakọ̀ yẹ̀ dànù níbi kọ́nà. Níwájú láptọ́ọ̀pù, kò sí kọ́nà kankan. Ìyẹ́ náà á kàn máa ti èjìká àti itan ẹni tó bá fẹ̀ díẹ̀ ni. Ó ń gòkè, apá rẹ̀ ń sún, ìrọ̀rí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé gbé sókè sódò, torí náà kì í ṣe ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n lẹ́dà náà ni wọ́n sábà fi bò ó, gbogbo ohun tí a sọ nípa òógùn sì bá a wí.

Tuntun tàbí tòkúnbọ̀

Lójú tiwa, owó tí ẹ máa fi ra tuntun tí kò dúró dáadáa, tòkúnbọ̀ tó dáa ló yẹ kí ẹ fi rà, bí ẹ bá mọ ọ̀nà àtiyẹ̀ ẹ́ wò. Àga tí ọ́fíìsì ńlá kan ní òkè òkun lò ní ọdún 10, tí wọ́n wá kó dànù, ọ̀pọ̀ ìgbà ló ṣì le ju èyí tí wọ́n ṣe lánàá fún ọjà olówó kékeré. Tí ẹ bá rí EN 1335 lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìjókòó, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún àga ọ́fíìsì nìyẹn, tí wọ́n gbé lé orí ẹni tí kò ju kílò 110 lọ, tó ń jókòó ní wákàtí 8 lójúmọ́. Ti Amẹ́ríkà ni BIFMA.

Gáàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ gbé àga dé òkè pátápátá, ẹ wọn ín, ẹ jókòó sí i pẹ̀lú gbogbo ara yín fún ìṣẹ́jú 5, láìfẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Ẹ dìde, ẹ tún wọn ín. Tó bá ti fi sẹ̀ǹtímítà 1 sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ ti gbó, á máa rì díẹ̀díẹ̀ títí tí ẹ ó fi bá ara yín ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìyẹn ò ní kí ẹ má rà á, ẹ kàn fi ná ọjà ni. Ọ̀pá gáàsì fẹ́ẹ̀ẹ́ jọra láti àga dé àga: ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó wọ inú ẹsẹ̀ jẹ́ mìlímítà 50, orí rẹ̀ tó wọ abẹ́ ìjókòó jẹ́ 28. Kò sí súkùrù níbẹ̀. Fífún ló fún mọ́ ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ á fi páìpù-rẹ́ńṣì dì í mú, á máa lọ́ ọ títí á fi tú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ọ̀pá náà fúnra rẹ̀, kó fi iná sí i, tàbí kó lu ihò sí i lára. Gáàsì nitrogen tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ lágbára gan-an, ó sì lè ta síni.

Kí tuntun tó dé, páìpù omi tí pọ́ńbà ń lò lè gbé e dúró. Ẹ gbé àga dé gíga tó bá yín mu, ẹ wọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ síta láàárín ìjókòó àti ọ̀pá nínípọn ìsàlẹ̀, ẹ gé páìpù ní gígùn yẹn gẹ́lẹ́, ẹ là á láti òkè dé ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ fi gbá ọ̀pá náà mọ́ra. Àga ò ní í lè rì mọ́. Kò ní í lè wálẹ̀ fún ẹlòmíì náà o, torí náà, àga ẹni kan ni kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Lẹ́yìn gáàsì, ẹ yẹ ojú rírán aṣọ rẹ̀ wò, pàápàá abẹ́ ìjókòó àti ibi tí aṣọ ti ká wọlé. Àmì dúdú tínńtín-tínńtín níbẹ̀, ìdun ni. Ẹni tó bá gbé ìdun wọ ọ́fíìsì, àga nìkan kọ́ ló rà.

Ẹ lè pàdé Aeron nínú tòkúnbọ̀. Ilé-iṣẹ́ Herman Miller ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1994. Bill Stumpf àti Don Chadwick ló yà á. Ó dára, nẹ́ẹ̀tì ni látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n bí bàtà ló rí: A, B àti C ni ìwọ̀n rẹ̀, ìwọ̀n kan kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Ẹ fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn férémù lókè pátápátá, ẹ ó kan kókó kéékèèké: ọ̀kan ni A, méjì ni B, mẹ́ta ni C. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni B bá mu. Obìnrin kékeré tó ra C nítorí pé owó rẹ̀ wálẹ̀, ìjókòó á ti jìn jù fún un, kò sì sí ọ̀nà láti fà á kúrú.

Iṣẹ́ ọwọ́ kafíńtà

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ò ṣaláìní pákó, kafíńtà ò sì wọ́n wa. Ohun kan wà tí kafíńtà lè ṣe fún yín tí ṣọ́ọ̀bù kankan ò lè ṣe: á wọn yín bí téélọ̀ ṣe ń wọn aṣọ. Àga rẹ̀ ò ní í gòkè, kò ní í yí, torí náà ẹni kan ṣoṣo ló wà fún, lórí tábìlì kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiyín rí, tó jẹ́ ilé ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́, tàbí ṣọ́ọ̀bù tí ẹlòmíì kì í jókòó sí, ó lè ta gbogbo àga onítáyà olówó kékeré yọ, kó sì wà níbẹ̀ títí tí wọ́n á fi gbó.

Íǹṣì ni kafíńtà ń sọ, íǹṣì ni kí ẹ bá a sọ. Fún ẹni tó ga tó 5 àti 5 yẹn, tí wọ́n bá ti gé tábìlì rẹ̀ kúrú dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀: gíga ìjókòó 17, jíjìn rẹ̀ 17, fífẹ̀ rẹ̀ 19, ẹ̀yìn 20 láti orí ìjókòó sókè. Ibi tí iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́ ni fóòmù. Kafíńtà á gbọ́ 17, á gbé pákó sí 17, á wá gbé fóòmù íǹṣì 2 lé e lórí, ẹsẹ̀ oníbàárà á máa fì lókè. Fóòmù líle íǹṣì 2 máa ń rì bíi ààbọ̀ íǹṣì tí èèyàn bá jókòó, torí náà 15 àti ààbọ̀ ni kí ojú pákó wà. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé fún un, kí ẹ má fi sẹ́nu lásán.

Ẹ̀yìn náà ò gbọ́dọ̀ dúró gbọnrangandan bí àga ìjẹun. Kí ó dà sẹ́yìn: ní íǹṣì 20 sókè, kí orí rẹ̀ ti fi íǹṣì 3 àti ààbọ̀ lọ sẹ́yìn ju ìdí rẹ̀ lọ, ìyẹn bíi digírì 10. Kí ẹ̀yìn ìjókòó sì fi bíi íǹṣì kan dín díẹ̀ rẹlẹ̀ ju iwájú rẹ̀ lọ, kí ìdí má baà máa yọ̀ bọ̀ síwájú. Kó ran ìrọ̀rí pẹlẹbẹ kan tó nípọn íǹṣì 1 àti ààbọ̀ mọ́ ẹ̀yìn, kí àárín rẹ̀ wà ní íǹṣì 8 sókè fóòmù. Kó fi ráńdà gba etí iwájú pákó kó rí róbótó.

Ti pákó: ìrókò wúwo, kòkòrò kì í fẹ́ ẹ, owó rẹ̀ ga. Masóníà dáa, ó sì rọrùn láti fá. Afàrà fúyẹ́, ó ṣeé rà, ṣùgbọ́n kòkòrò ń jẹ ẹ́, ẹ ní kó fi oògùn pa á kó tó kùn ún. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, kó ti gbẹ. Pákó tútù á súnkì lẹ́yìn tó bá ti di àga, gbogbo oríkèé á tú, á máa hó kẹ̀ẹ́-kẹ̀ẹ́ tí ẹ bá ti mira. Kó gbẹ́ ihò, kó ki orí igi kejì bọ̀ ọ́ pẹ̀lú gúlù. Èyí tó bá kàn án níṣòó lásán, ẹ ò ní í gbádùn rẹ̀ tó ọdún kan.

Àga ike funfun, ti òde ayẹyẹ, ẹ jẹ́ ká mẹ́nu kàn án torí ọ̀pọ̀ ló ń jókòó lé e lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Ìjókòó rẹ̀ kọ kòtò sẹ́yìn, kò sí nǹkan tó kún kòtò ẹ̀yìn. Ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì ìwẹ̀ kan, kí ẹ fi okùn dè é mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi ìgbànú. Wákàtí kan, méjì, ó tó. Ẹni tó ń fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́, kó máa tọ́jú owó àga.

Tí ẹ bá ti gbé e délé

Bí ẹ ṣe ń tò ó ṣe pàtàkì, torí ohun tí ẹ bá kọ́kọ́ yí ló ń yí èyí tó tẹ̀ lé e. Bàtà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀ yín. Ẹ jókòó kí ìdí kan ẹ̀yìn pátápátá, ẹ fa ọwọ́ irin, ẹ gbé ìjókòó dé ibi tí ìgbọ̀nwọ́ ti bá ojú tábìlì dọ́gba, kí èjìká sì rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wo ẹsẹ̀: tó bá ń fì, rímù bébà. Ẹ wọn ìka méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn orúnkún, ẹ sún ìjókòó tó bá ṣeé sún. Tí kò bá ṣeé sún, ìrọ̀rí tó nípọn díẹ̀ lẹ́yìn yín á fà yín síwájú. Ẹ gbé ìtìlẹ̀yìn sókè sódò títí tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára níbi ìgbànú gan-an, kì í ṣe ní egungun ìdí.

Nọ́ọ̀bù ńlá tó wà lábẹ́ ìjókòó níwájú, tí ọ̀pọ̀ kì í fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra àga, òun ló ń pinnu bí ẹ̀yìn ṣe le tó. Ẹ tú lọ́ọ̀kì. Tí àga bá gbé yín dà sẹ́yìn lójijì, ẹ lọ́ ọ sí ọ̀tún kó le sí i. Tó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ kí ẹ tó lè fẹ̀yìntì, ẹ dẹ̀ ẹ́ sí òsì. Nínú àga kan, ìyípo 5 tàbí 6 ni ẹ máa lọ́ ọ kí ẹ tó mọ ìyàtọ̀, torí náà ẹ má jáwọ́ lẹ́yìn ẹyọ kan. Níbi tí ẹ bá dúró sí nígbà tí ẹ rọra fẹ̀yìntì, ibẹ̀ ni kó gbé yín dúró sí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ rẹ apá sílẹ̀ tàbí kí ẹ gbé e sókè tó bí ìgbọ̀nwọ́ ṣe wà, ká má baà gbé èjìká.

Láptọ́ọ̀pù lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ bá wà níbi tó yẹ, ojú rẹ̀ á rẹlẹ̀ jù, ọrùn á tẹ̀. Ẹ gbé e lé orí nǹkan títí tí òkè ojú rẹ̀ fi bá ojú yín dọ́gba, ní nǹkan bí ìnàsí apá kan sí yín, kí ẹ wá ra kíbọ́ọ̀dù àti máòsì lọ́tọ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ ò tíì tó fún àga, tó bá lè ra kíbọ́ọ̀dù yìí, kó kọ́kọ́ rà á ná.

Ní gbogbo ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú, ẹ dìde, ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Àga tó dáa jù lọ láyé ò ní kí ẹ má dìde.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà yẹn, ẹ dojú àga délẹ̀, ẹ fún gbogbo súkùrù abẹ́ rẹ̀ padà. Àga tuntun máa ń tú díẹ̀ nígbà tó bá ń mọ ara ẹni tó ni ín, súkùrù tó bá jábọ́ lára ẹ̀yìn àga lọ́jọ́ tí ẹ fẹ̀yìntì gidi, ìròyìn rẹ̀ ò ní í dáa.